Bí Mo Ṣe Gba Olùkọ́ Ààbò Síbi Tí A Ti Ń Fọ́ Òkúta

Ojú ọ̀nà tó ti Ìlọrin lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo ni a ti ń fọ́ òkúta, èmi ni mo sì ń mójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá wa ní kí n wá ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí wọn ò ṣe ní fara pa, gbólóhùn kan péré ló sọ: "Wá ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí sáfẹ́tì." Ìyẹn ò tó. Ẹni tó ní ìwé pọ̀ nígboro Ìlọrin. Ẹni tó lè dúró níwájú àwọn tó ń fi ẹ̀tù fọ́ òkúta, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wọ̀ wọ́n létí, òun ló ṣọ̀wọ́n.

Mo kọ́kọ́ wádìí bí àwọn tó ti ń wa èédú tipẹ́ ṣe ń yan olùkọ́ tiwọn. Òfin Amẹ́ríkà ni mo dúró tì jù, nítorí ikú èèyàn ló bí i. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1968, ihò èédú kan bú gbàù nítòsí Farmington ní West Virginia, èèyàn 78 sì kú. Lọ́dún tó tẹ̀lé e ni wọ́n ṣe òfin ààbò tó le fún àwọn tó ń wa èédú, nígbà tó sì di 1977, wọ́n ṣe èyí tó kárí gbogbo awakùsà. Lábẹ́ òfin yìí, ẹni tuntun tó fẹ́ ṣiṣẹ́ nínú ihò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ wákàtí 40, kì í sì í ṣe ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti dìde ló lè kọ́ ọ. Ìjọba ló ń fọwọ́ sí olùkọ́. Olùkọ́ lè lọ kọ́ bí a ṣe ń kọ́ni. Ó lè fi ìwé ẹ̀rí àti ìrírí rẹ̀ hàn. Tàbí kí aṣojú ìjọba jókòó sínú kíláàsì rẹ̀, kó fojú ara rẹ̀ wo bó ṣe ń ṣe é. Tó bá sì lo oṣù 24 láìkọ́ ẹnikẹ́ni, wọ́n lè gba àṣẹ náà padà. Èyí tí wọ́n ti ń jókòó wo olùkọ́ lẹ́nu iṣẹ́ yẹn ló wọ̀ mí lọ́kàn jù.

Àmọ́ tiwa kì í ṣe ihò èédú. Gáàsì mẹ́tínì tó máa ń jáde látinú èédú, tó lè bú bó bá ti wà láàárín ìdá 5 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́, kò kàn wá. Gbangba ni a ti ń ṣiṣẹ́. Ewu tiwa ni ẹ̀tù tó kọ̀ tí kò bú, òkúta tó já wálẹ̀ láti òkè, tírélà tó ń fi ẹ̀yìn rìn, bẹ́líìtì ẹ̀rọ, àti eruku. Eruku yìí ló ń bà mí nínú jẹ́ jù, nítorí kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù rẹ̀. Quartz, ohun líle kan tó ń dán bíi gíláàsì, wà nínú òkúta wa. Bí ẹ̀rọ bá ti lọ̀ ọ́, èyí tó kúnná débi pé ojú ò lè rí i á wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, á dá àpá síbẹ̀. Silicosis ni àwọn dókítà ń pè é, kò sì sí oògùn tó ń wò ó sàn. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí èèyàn ti fa eruku náà símú ni ikọ́ rẹ̀ lè ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Torí náà, nígbà tí ìwé ìbéèrè iṣẹ́ ń wọlé, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ níbi ìfọ́ òkúta tàbí ibi ìwakùsà rí ni mo ń kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀. Ẹni tó bá ní òun jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ISPON, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ààbò lẹ́nu iṣẹ́ ní Nàìjíríà, mo ní kó fún mi ní nọ́mbà ìforúkọsílẹ̀, mo sì wádìí rẹ̀. Mo tún pe ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ rí. Ní tèmi, ẹnu àwọn awakọ̀ àti àwọn tó ń gbẹ́ ihò ẹ̀tù ni òótọ́ wà ju ọ́fíìsì lọ.

Àwọn tó kù, mo ní kí kálukú wá kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wa fúngbà díẹ̀, ní Yorùbá, lábẹ́ igi igbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì. Òfin Amẹ́ríkà tó jẹ mọ́ àwọn tó ń fọ́ òkúta ní gbangba bíi tiwa sọ pé èdè tó yé òṣìṣẹ́ ni kí wọ́n fi kọ́ ọ. Ọ̀kan nínú wọn ti ṣiṣẹ́ níbi èédú Òkàbà ní Kogi, ó mọ iṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gáàsì ló gba ẹnu rẹ̀. Òmíràn ń ka ohun tó kọ sínú ìwé.

Ẹnì kan ò jókòó lábẹ́ igi rárá. Ó kí wọn, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi," ó sì ní kí wọ́n tẹ̀ lé òun lọ sídìí ẹ̀rọ. Ó ní kí àgbà òṣìṣẹ́ kan, tí gbogbo wa ń pè ní Alfa, pa iná ẹ̀rọ, ó fún un ní àgádágodo kó fi ti bọ́tìnnì ìtanná náà pa, ó ní kó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Ó wá yíjú sí àwọn tó kù: "Alfa ti wọ abẹ́ bẹ́líìtì báyìí. Ta ló lè tan ẹ̀rọ yìí?" Wọ́n ní kò sí. Ó ní, "Bí a ò bá tì í ńkọ́?" Ọmọ tó ń ṣa òkúta lórí bẹ́líìtì ló dáhùn: "Ẹnikẹ́ni ni, ẹ̀gbọ́n." Lẹ́yìn ìyẹn ló gbá eruku ilẹ̀ ní gbígbẹ kí wọ́n rí i nínú oòrùn, ó bu omi lé e, ó tún gbá a.

Nígbà tí ọjọ́ díẹ̀ kọjá, mo lọ ń bi àwọn òṣìṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí ni wọ́n rántí. Àgádágodo ni gbogbo wọn ń sọ, àwọn kan sì ti ń bi mí pé ìgbà wo la máa ra tiwọn.

Òun la gbà. Ọ̀gá wa kọ́kọ́ ní owó tó béèrè ti pọ̀ jù, mo sì rọ̀ ọ́ títí ó fi gbà. Ohun tí mi ò jẹ́ kó bọ́ nínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó láṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró láìgba ìyọ̀ǹda ẹnikẹ́ni. A tún jọ kọ ètò fún ẹni tuntun: ẹ̀kọ́ wákàtí 24 lápapọ̀, 4 nínú rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan, bí ó ṣe wà nínú òfin àwọn tó ń fọ́ òkúta ní Amẹ́ríkà. Omi ti ń wọ́n sórí ẹ̀rọ báyìí, ìbomú tó dára la sì ń dúná dúrà lé lórí lọ́wọ́.