Bí ẹ ṣe lè bó níkẹ́ẹ̀lì àti síńkì kúrò lára ráàkì plétìn, kí èéfín má pa yín lára

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe plétìn l'Adó-Èkìtì, ìyẹn fífi iná mànàmáná lẹ irin mọ́ ara ọjà, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ọjà oníbàárà nìkan ni irin ń lẹ̀ mọ́, ó ń lẹ̀ mọ́ ẹnu ìkọ́ ráàkì náà, ìyẹn férémù tẹ́ ẹ fi ń kọ́ ọjà sínú omi plétìn, títí á fi ta kókó, tí iná ò ní rí ọjà mú dáadáa mọ́. Lójú tèmi, ẹ má jẹ́ kó nípọn kẹ́ ẹ tó bó o. Èyí tó bá ti nípọn, ẹ fi páláyà já èyí tó bá lè já ná, kí ásíìdì má ṣiṣẹ́ lásán.

Ẹ wo ẹnu ìkọ́ yẹn dáadáa. Tó bá jẹ́ sténlẹ́ẹ̀sì, nítíríìkì ásíìdì á jẹ níkẹ́ẹ̀lì àti kọ́pà kúrò, kò sì ní fọwọ́ kan sténlẹ́ẹ̀sì, àmọ́ tó bá jẹ́ bráàsì, òun náà á bá wọn lọ, ẹ fi fáìlì ha tiẹ̀. Kúróòmù ò kí ń gbọ́ ti nítíríìkì rárá o, hydrochloric ásíìdì ló máa kọ́kọ́ yọ ọ́, ẹ ṣan án pẹ̀lú omi púpọ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sínú nítíríìkì.

Ìwọ̀n omi kan sí ìwọ̀n nítíríìkì kan lẹ máa lò. Omi lẹ máa kọ́kọ́ bù sínú ike, kẹ́ ẹ wá máa da ásíìdì sí i díẹ̀díẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá da omi lé ásíìdì lórí, ó lè hó kó sì ta sí yín lójú. Ìta gbangba lẹ máa ti ṣe é, ẹ dúró síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń ti ẹ̀yìn yín bọ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà gígùn, awò tó bo ojú pátápátá, ẹ́púrọ̀ọ̀nù rọ́bà àti bàtà rọ́bà. Èéfín aláwọ̀ ilẹ̀ tó máa jáde yẹn, ẹ má fà á símú o! Ó lè máà ṣe yín nǹkan kan lójú ẹsẹ̀, kó wá di òru kí èémí máa há, ẹni tó bá fà á, ilé ìwòsàn ni kó lọ, kó má dúró wo bó ṣe máa rí.

Síńkì lára irin lásán, hydrochloric ásíìdì tẹ́ ẹ ti là lómi ló ń yọ ọ́. Á máa hó ṣùẹ̀ṣùẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ ń gbaná, ẹ má tan sìgá síbẹ̀. Tí híhó bá ti dákẹ́, ẹ yọ ọ́ kíá, torí irin ló kù tó máa jẹ.

Tó bá jẹ́ inú omi plétìn tó ní sáyánáìdì, ìyẹn oró líle, ni ráàkì yẹn ti wá, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀kán omi ẹ̀ kan ásíìdì láéláé. Gáàsì tó máa jáde ń pààyàn.

Omi tó kù ńkọ́? Kì í ṣe odò Ùrèjé lẹ máa dà á sí. Ẹ máa bu sódà ìfọṣọ sí i díẹ̀díẹ̀ títí pépà pH, èyí tí wọ́n fi ń wo bí ásíìdì ṣe le tó nínú omi, á fi fi bíi 9 hàn, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á rọ̀ sílẹ̀, èyí tí níkẹ́ẹ̀lì wà nínú ẹ̀ á ní àwọ̀ ewé. Ẹ kó o sínú kẹ́ẹ̀gì, kẹ́ ẹ kọ orúkọ ohun tó wà níbẹ̀ sí i lára, kẹ́ ẹ bi àwọn tó ń mójútó àyíká ní ìpínlẹ̀ níbi tẹ́ ẹ máa kó o sí.

Kí ráàkì tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ fi ọwọ́ tọ ara rọ́bà tó bò ó. Ibi tó bá ti fàya, omi ásíìdì máa ń sá pamọ́ síbẹ̀, á sì lọ kán sínú omi plétìn yín, ẹ tún ibẹ̀ bò kẹ́ ẹ tó fi kọ́ ọjà.