Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ kọ́ ló le jù: bí mo ṣe tọ́jú ọmọ mi lẹ́yìn tí wọ́n yọ tọ́ńsìlì rẹ̀

Ọmọ ọdún 4 ni ọmọ mi nígbà tí wọ́n yọ tọ́ńsìlì rẹ̀, ẹran kékeré méjì tó wà ní ìhà ọ̀tún àti ìhà òsì ní ẹ̀yìn ọ̀fun. Tiẹ̀ wú débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Lóru, á máa hanrun bí àgbàlagbà tó ti oko dé, á kàn dákẹ́ lójijì, èémí á dúró. Èmi náà á dúró, títí á fi mí kanlẹ̀ tí á tún máa hanrun lọ. Nítorí ìyẹn la ṣe gbà.

Iṣẹ́ abẹ náà kò gbà tó wákàtí kan. Ó jí, ó sunkún, ó sì bì lẹ́ẹ̀kan, èébì náà dúdú bí omi kọfí. Àyà mi já. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ tó gbé mì lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ ni, pé èyí tó bá pupa fòò ni kí n bẹ̀rù. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ó ti ń lá áísìkirímù. Mo ní a ti bọ́.

Nọ́ọ̀sì kan náà ti sọ fún mi kí a tó kúrò níbẹ̀, etí mi ni kò gbà á: ìrora yìí kì í lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́ bíi ti orúnkún tó bó. Á fúyẹ́ díẹ̀, á wá padà le láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkeje. Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ ń sáré káàkiri ilé. Lálẹ́, mo wò ó bó ṣe sùn, mo ní kí ni mo fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn fún nítorí oògùn? Mo fi í sílẹ̀.

Aago mẹ́rin ìdájí ló fi igbe ta, ó di etí mú. “Etí mi, mọ́mì, etí mi.” Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí etí, mi ò rí nǹkan kan. Ọ̀fun ló ń dùn ún. Iṣan ìmọ̀lára kan náà ló lọ sí ọ̀fun tó tún yà sí etí, nítorí náà etí ni ìrora ń jáde sí. Kò gba oògùn, kò gba omi. Bẹ́ẹ̀ ọ̀fun tó gbẹ máa ń dùn ju èyí tó tutù lọ. Bó bá ti ń dùn, ọmọ ò ní mu omi. Bí kò bá mu omi, yóò tún gbẹ sí i. Ọ̀sán gangan ni mo tó rí i yanjú.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi aago ṣe é. Mo lẹ bébà kan mọ́ fíríìjì: párásítámọ̀ ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà, kò gbọ́dọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín wákàtí 24, ibuprofen, oògùn ìrora mìíràn, ní wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ. Ìwọ̀n tó tẹ̀ lórí òṣùwọ̀n ni dókítà fi ṣírò iye tí n ó fún un, kì í ṣe ọjọ́ orí. Lóru, mo máa ń gbé e jókòó díẹ̀, n ó ki ẹnu sírínjì sí inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, n ó máa tì í díẹ̀díẹ̀ kó má baà lọ gbá ọ̀fun. Ìgbà míì kì í tilẹ̀ la ojú. Bí oògùn bá ti wọlé tó ìdajì wákàtí, ìgbà yẹn gan-an ni n ó gbé oúnjẹ àti omi dé.

Omi náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bó bá ti rí kọ́ọ̀bù, á pa ẹnu dé. Mo wá mú ife kékeré tí wọ́n fi ń wọn oògùn, mo bu omi tútù sí i, mo fún ọmọláńgidi rẹ̀ mu kọ́kọ́. Ọmọláńgidi mu, òun náà mu. Mo ń fa ìlà kan sórí bébà fún ife kọ̀ọ̀kan. Mo tún ń ṣọ́ ìtọ̀ rẹ̀: bí wákàtí mẹ́jọ bá kọjá tí kò tọ̀, mo mọ̀ pé omi kò tó. Ọsàn àti ohun kíkan ò dé ẹnu rẹ̀, torí wọ́n ń ta ọgbẹ́. Mi ò sì fún un ní ohun mímu pupa kankan, kí n má baà pè é ní ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá kí wa, wọ́n gbé oògùn ikọ́ kan dání tó ní codeine nínú, wọ́n ní yóò jẹ́ kó sùn fọnfọn. Mo dúpẹ́, mo gbé e pamọ́. Láti ọdún 2013 ni FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ti kìlọ̀ pé kí wọ́n má fi codeine pa ìrora fún ọmọdé tí wọ́n yọ tọ́ńsìlì rẹ̀. Ara àwọn ọmọ kan máa ń yára sọ ọ́ di morphine, oògùn ìrora tó lágbára gan-an, èémí á sì falẹ̀, ó lè dúró pátápátá. Ọmọ tí mo ti ń ka èémí rẹ̀ lóru láti ọjọ́ yìí wá?

Lọ́jọ́ kẹrin mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ọ̀fun rẹ̀, mo rí nǹkan funfun tó ń pọ́n rúsúrúsú. Mo rò pé ọyún ni. Èépá ni o. Inú ẹnu tutù, ìdí nìyẹn tí kì í fi gbẹ bíi ti ara. Òórùn ẹnu rẹ̀ nígbà yẹn, ẹ má bi mí.

Àárín ọjọ́ karùn-ún sí ìkẹwàá ni èépá yìí máa ń ṣí, ibẹ̀ sì ni ẹ̀jẹ̀ ti lè yọ. Lóru ọjọ́ kẹjọ, mo ṣàkíyèsí pé ó ń gbé itọ́ mì léraléra lójú oorun. Mo tan iná: ẹ̀jẹ̀ pupa wà lórí ìrọ̀rí, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Mi ò dúró wò ó bóyá yóò dá. Ẹni tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ mì kì í jẹ́ kéèyàn mọ iye tó ń dà, ẹ̀jẹ̀ ọmọdé kò sì pọ̀ lára rẹ̀. Kí a tó dé ilé ìwòsàn ó ti dá fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n dá wa dúró di ọjọ́ kejì. Àwọn kan ní mo ti kánjú jù. N ó tún kánjú bẹ́ẹ̀ lọ́la.

Ohun tó bí mi nínú jù ni pé ó ṣì ń hanrun. Ọ̀fun tó wú látàrí iṣẹ́ abẹ ló fà á, ohùn rẹ̀ náà sì ń gba imú jáde. Lóru ọjọ́ kejìlá, ìdákẹ́jẹ́ ló jí mi. Mo gbé ọwọ́ lé e láyà, ó ń mí geere.

Láàárọ̀, mo bi í bóyá ọ̀fun ṣì ń dùn ún. Ó ro ó díẹ̀, ó wo fíríìjì, ó ní ó ń dun òun, àmọ́ áísìkirímù nìkan ló lè gba ibẹ̀.