Bí a ṣe ń wọn iyọ̀ inú erùpẹ̀ kí àbájáde rẹ̀ lè ṣeé gbára lé

Bí erùpẹ̀ kan náà bá fún wa ní àbájáde méjì tí kò bára mu, ẹ má tíì dá mítà EC lẹ́bi, ìyẹn mítà tó ń wọn bí iná ṣe ń gba inú omi kọjá (bí iyọ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni EC á ṣe ga tó). Omi, ooru àti iye omi tí a pò mọ́ erùpẹ̀ ló sábà máa ń dá wàhálà sílẹ̀.

Mítà la ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ yan KCl (iyọ̀ potassium chloride) ní 110°C fún wákàtí 2, ẹ jẹ́ kó tutù níbi tí ọ̀rinrin kò lè dé, kí ẹ yọ́ gíráàmù 0.7456 rẹ̀ sínú omi distilled títí yóò fi pé lítà 1. Ní 25°C, 1.413 dS/m ni mítà gbọ́dọ̀ kà (dS/m ni òṣùwọ̀n EC; 1413 µS/cm ni bákan náà). Bó bá kà á kéré, ẹ fọ ẹnu rẹ̀. Amọ̀ tó gbẹ mọ́ ọn ló wọ́pọ̀. Bí ooru bá fi 1°C lé, EC á fi nǹkan bí 2% lé. Yàrá tó wà ní 32°C á ti fi bíi 14% bù mọ́ ọn, àfi bí mítà bá ń ṣàtúnṣe fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣàtúnṣe lẹ́ẹ̀mejì o.

Afẹ́fẹ́ ni kó gbẹ erùpẹ̀, kì í ṣe ààrò: ooru 105°C máa ń lé omi kúrò lára gypsum, irú iyọ̀ kan tó máa ń wà nínú erùpẹ̀. Ẹ fi ajọ̀ mìlímítà 2 jọ̀ ọ́. Fún 1:5 (erùpẹ̀ ìdá kan sí omi ìdá márùn-ún), ẹ da mìlílítà 100 omi sórí gíráàmù 20, ẹ mì í fún wákàtí 1, ẹ jẹ́ kó tòrò fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ ṣe igò kan tí kò ní erùpẹ̀ pẹ̀lú. Bí EC tirẹ̀ bá ju 0.01 dS/m lọ, omi yẹn ò dáa.

Àṣìṣe tó burú jù ni kí a fi 1:5 wé 4 dS/m, òṣùwọ̀n ilẹ̀ oníyọ̀ tí àwọn onímọ̀ Riverside ní Kalifọ́níà tẹ̀ jáde ní 1954. Ẹrẹ̀ tó gba omi yó ni wọ́n gbé e lé. Láti po ẹrẹ̀ yìí, ẹ máa ta omi sí gíráàmù 250 erùpẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó. Ó tó nígbà tí ojú rẹ̀ bá ń dán, tó rọra ń ṣàn bí a bá dẹ ife, tó sì ń yọ̀ kúrò lára ọ̀bẹ láìlẹ̀ mọ́ ọn. Omi ò gbọdọ̀ sun sínú ihò tí a bá gbẹ́ sí i. Tó bá di ọjọ́ kejì, ẹ tún un wò: bó bá le, ẹ fi omi sí i, bí omi bá léfòó, ẹ fi erùpẹ̀ kún un. Iyanrìn etí òkun, irú ti Badagry, kì í mu omi púpọ̀, nítorí náà ẹ po púpọ̀ kí ẹ lè rí omi fà jáde.

Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ sẹ́ omi rẹ̀, kí ẹ kán ẹ̀kán 1 sodium hexametaphosphate 0.1% sí mìlílítà 25 kọ̀ọ̀kan, kí ẹfun má bàa silẹ̀. Lórí ìwé àbájáde, ẹ kọ ọ̀nà tí ẹ gbà àti ooru tí ẹ fi wọ̀n ọ́n.