Tẹ́ ẹ bá ń kọ́ṣẹ́ tẹ́ẹ̀kì ní kọ́ńpìnnì ńlá

Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já o, kóòdù tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀ pọ̀ gan-an, àwọn ọ̀gá pàápàá ò mọ gbogbẹ̀. Ẹ mú ibì kan ṣoṣo, ẹ tẹ git blame (àṣẹ kan nínú Git, ìyẹn ètò tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà tí wọ́n ṣe sí kóòdù) kẹ́ ẹ rí ẹni tó yí ìlà yẹn pa dà kẹ́yìn, kẹ́ ẹ wá lọ bá a.

Èmi ò mọ̀yẹn nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó ti error kan, ojú ń tì mí láti béèrè, ìgbà tí mo wá béèrè, ìṣẹ́jú márùn-ún lọ̀gá mi fi yanjú ẹ̀, kọ́mà kan péré ni mo gbàgbé! Torí náà tẹ́ ẹ bá ti wá a fún bíi wákàtí kan, ẹ béèrè, àmọ́ ẹ má kàn sọ pé "kò ṣiṣẹ́", ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ tẹ̀, ohun tó yọ, àtohun tẹ́ ẹ ti gbìyànjú.

Kóòdù tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ fún review, ìyẹn kí ẹlòmíì bá yín yẹ̀ ẹ́ wò, ìlà 50 dáa ju 800 lọ. Ẹ má sì fi password síbẹ̀ láé, tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ pa á rẹ́, ó ṣì wà nínú history Git.