Bí ẹ ṣe máa tọ́jú itan ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba abẹ́rẹ́ Penta

Ẹ̀yin ìyá wa n'Íjẹ̀bú-Òde, Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́, tẹ́ ẹ bá gbọ́mọ dé láti sẹ́ńtà tí itan ẹ̀ wú tó sì le, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Ẹ má fomi gbígbóná jó o, ẹ má fi Aboniki pa á, ẹ má dẹ̀ tẹ̀ ẹ́ rárá.

Ohun tó fà á nìyí: wọ́n fi iyọ̀ aluminium díẹ̀ sínú Penta, abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà àrùn márùn-ún, torí pé púpọ̀ nínú ègé kòkòrò àrùn inú ẹ̀ ò lè dá ta ara jí. Ní 1926 ni Glenny, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Ìlú Ọba, rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lo irú ẹ̀. Iyọ̀ yìí ló ń ta ara lólobó, àwọn sẹ́ẹ̀lì á sáré wá síbẹ̀, ìdí tó fi wú nìyẹn, wọ́n á gbé ègé yẹn mì, wọ́n á gbé e lọ sáwọn kókó kéékèèké tó wà ní kọ́lọ́fín itan, lymph node làwọn dókítà ń pè é, ibẹ̀ gan-an làwọn ọmọ ogun ara ti máa dá a mọ̀ tí wọ́n á sì máa pọ̀ sí i.

Ẹ ki aṣọ mímọ́ bọmi tútù, ẹ fún omi ara ẹ̀ dànù, ẹ gbé e lé ibi tó wú, ẹ máa fún ọmọ lọ́mú dáadáa. Tára bá gbóná, pàrásítámọ́ọ̀lù, ìwọ̀n tí nọ́ọ̀sì bá sọ o. Kókó kékeré lè ṣẹ́ kù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á lọ. Ṣùgbọ́n tó bá ń pupa sí i, tó ṣọyún, tàbí gìrì mú un, ẹ padà lójú ẹsẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí pé itan wú lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 6 fo ti ọ̀sẹ̀ 10 àti 14, àwọn abẹ́rẹ́ yẹn ló máa jẹ́ kí ààbò ọmọ nípọn.