Bí o ṣe máa múra ìdánwò tó máa gbé ọ wọ ẹ̀ka Òfin ní Ifẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ lọ́yà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ìdánwò méjì ló ń dúró dè é: UTME tí JAMB ń ṣe, àti post-UTME tí ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ń ṣe. Law School tí gbogbo ayé ń dárúkọ, ẹ̀yìn ọdún márùn-ún ní yunifásítì ni ti ìyẹn, ẹni tó sì gboyè òfin nílẹ̀ yìí kì í ṣe ìdánwò àbáwọlé kankan kó tó dé ibẹ̀. Ẹnu ọ̀nà yunifásítì gan-an ni wàhálà wà. Ọ̀pọ̀ ọmọ á kàn ra ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá ní Sábó, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í há a sórí láti ojú ewé kìíní. Ìwé náà wúlò, àmọ́ ìṣirò ló yẹ kó ṣáájú rẹ̀.

Orí 100 ni Ifẹ̀ ti ń ro máàkì pọ̀. UTME ló ni 50 nínú rẹ̀, post-UTME ni 40, èsì WAEC tàbí NECO ni 10. Èsì UTME rẹ tó wà lórí 400, wọ́n á fi 8 pín in. Nínú WAEC, iṣẹ́ márùn-ún ni wọ́n ń kà: A1 jẹ́ 2, B2 jẹ́ 1.8, B3 jẹ́ 1.6, C4 jẹ́ 1.4, C5 jẹ́ 1.2, C6 jẹ́ 1. Ká ní o gba 272 nínú UTME, ó di 34. Ká ní post-UTME fún ọ ní 28. Ká ní WAEC rẹ jẹ́ A1 méjì, B2 kan, B3 kan àti C4 kan, ìyẹn 8.8. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 70.8.

Jókòó ti ìṣirò yìí dáadáa, torí ó máa sọ ibi tó yẹ kó o ti máa sáré. Máàkì kan péré lórí WAEC tó máàkì 8 nínú UTME. Ẹni tó ṣì wà ní SS3, tó lè sọ C6 kan di A1, ó ti fi ìyẹn rí ohun tó ju ìbéèrè Lítíréṣọ̀ mẹ́ta lọ nínú UTME. Síbẹ̀ àwọn ọmọ kan á máa fi WAEC ṣeré torí pé ojú JAMB ni ọkàn wọn wà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Ifẹ̀ ti ń béèrè 200 kó tó jẹ́ kéèyàn ṣe post-UTME, àmọ́ 200 ò lè gbé ẹnikẹ́ni dé ẹ̀ka Òfin: 25 ló máa dà. Bó o tiẹ̀ ní A1 márààrún, 36 nínú 40 lo gbọ́dọ̀ gbà nínú post-UTME kó o tó dé 71, tó fi díẹ̀ péré ju ti àpẹẹrẹ òkè yẹn lọ. Fi 280 sókè ṣe àfojúsùn.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń fọkàn tán catchment, òótọ́ ni pé ìlànà ìjọba àpapọ̀ yọ àyè sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ tó yí yunifásítì ká, Ọ̀ṣun sì wà lára wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ yìí pọ̀ lórí ìlà Òfin, àwọn fúnra wọn ló sì ń bára wọn du àyè ọ̀hún.

Iṣẹ́ tí wàá yàn

Use of English di dandan fún gbogbo èèyàn. Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, má ṣe fi í sílẹ̀ láéláé. Méjì tó kù, inú iṣẹ́ Art tàbí Social Science ni wàá ti mú wọn. Kó o tó sanwó, wọ IBASS, ojú òpó JAMB tó ní ìwé ìlànà àti sílábọ́ọ̀sì, kó o ka ohun tí Ifẹ̀ kọ síwájú Law, títí kan ohun tí wọ́n sọ nípa Ìṣirò nínú WAEC. Ọ̀fẹ́ ni. Má gba ti tùtóríà gbọ́ lórí èyí.

Government ni ọ̀pọ̀ ń mú, ó sì bá Òfin mu. Ìkẹrin ni àwọn èèyàn ti ń ṣe àṣìyàn: wọ́n á mú Ẹkọnọ́míìsì torí pé ó dún bí iṣẹ́ ńlá, nígbà tí CRS, IRS tàbí Yorùbá ì bá fún wọn ní 75 wẹ́rẹ́. Kò síbi tí wọ́n ti ń fún èèyàn ní máàkì kún máàkì torí pé iṣẹ́ rẹ̀ le.

Yorùbá yìí náà sì ní ọ̀fìn tirẹ̀. Ẹni tó rò pé èdè tóun ń sọ nílé tó, sílébù ló máa gbé e ṣubú. "Gbangba" jẹ́ sílébù méjì, gban-gba, torí pé "an" jẹ́ fáwẹ̀lì àránmúpè. "Òǹtẹ̀" jẹ́ mẹ́ta, ò-ǹ-tẹ̀, torí pé "ǹ" ibẹ̀ dá dúró, ó gba àmì ohùn tirẹ̀. Kọ́ ìró, àmì ohùn, ìpàrójẹ àti ewì alohùn: ta ló ń sun ìjálá, ta ló ń pe ẹ̀sà, ìgbà wo ni wọ́n ń sun ẹkún ìyàwó. Oṣù kan tó, tó o bá ń fún un ní wákàtí mẹ́rin lọ́sẹ̀.

Wákàtí méjì, ìbéèrè 180

Gẹ̀ẹ́sì ní ìbéèrè 60, àwọn mẹ́ta yòókù ní 40 níkọ̀ọ̀kan, orí 100 sì ni wọ́n ti ń máàkì iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tá a bá pín in lóréfèé, ìbéèrè kan nínú Government jẹ́ 2.5, ti Gẹ̀ẹ́sì kò tó 1.7. Ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ èèyàn rèé: wọ́n á fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀, àyọkà á gbé wọn mì fún wákàtí kan gbáko, wọ́n á wá sáré fọ́n ìdáhùn sórí àwọn ìbéèrè tó níye lórí jù. Bí a ṣe máa pín in rèé: Government ìṣẹ́jú 20, iṣẹ́ kẹrin ìṣẹ́jú 20, Lítíréṣọ̀ 25, Gẹ̀ẹ́sì 45. Ìṣẹ́jú 10 tó ṣẹ́kù, ìbéèrè tó o fò ló wà fún. Wọn kì í yọ máàkì fún ìdáhùn tí kò tọ̀nà, torí náà má fi ìkankan sílẹ̀ lófìfo.

Gẹ̀ẹ́sì

Ìbéèrè bíi mẹ́wàá máa ń jáde látinú ìwé ìtàn àròsọ tí JAMB yàn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kó o kà á. Àkọ́kà, ka ìtàn náà gbádùn. Ìkejì, mú ìdajì ojú ìwé fún orí kọ̀ọ̀kan, kọ orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀, kí ló ń ṣe, ibo ló ń gbé, ta ló sọ gbólóhùn wo, iye owó tàbí ọjọ́ tí wọ́n bá dárúkọ. Nǹkan kéékèèké báyìí ni wọ́n ń béèrè, wọ́n kì í sì í sí nínú àkékúrú tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp.

Ìró ni ibi tí ọmọ Yorùbá ti ń pàdánù jù, ìdí rẹ̀ ò sì fara sin. Èdè wa ò ní v, kò ní z, kò ní ìró th, kò sì fi gígùn fáwẹ̀lì ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ sí èkejì. "Ship" àti "sheep" á máa dún bákan náà létí wa, "fan" àti "van" náà ńkọ́? Tó o bá wá ń fi ojú wo lẹ́tà, ó tún burú sí i. Fáwẹ̀lì inú "blood" ti "cup" ni, kì í ṣe ti "food". Fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ nínú "women" ti "sit" ni. "Ch" inú "machine" ń dún bí ṣ wa. Ra díkíṣọ́nárì tó ní àmì ìpè, tàbí kó o gbé e sórí fóònù. Ojoojúmọ́, ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, kó o gbọ́ ọ, kó o pè é sókè, kó o kọ àmì ìpè rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó láti tún etí ṣe.

Fún ibi tí ohùn ti ń wúwo nínú ọ̀rọ̀, òfin kan gba ọ̀pọ̀ ìbéèrè là: ọ̀rọ̀ tó bá parí sí -tion, -ic tàbí -ity, sílébù tó ṣáájú ìparí yẹn ló ń wúwo. eduCAtion, ecoNOmic, uniVERsity. POlitics àti ARabic kò tẹ̀ lé e, há àwọn yẹn sórí.

Lẹ́yìn èyí ni gbólóhùn tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, tí wọ́n ní kó o mú ìbéèrè tó bá a mu. My father BOUGHT the car. Gbogbo ìbéèrè tí "bought" tàbí "buy" bá ti wà nínú rẹ̀, pa á tì. Nínú èyí tó kù, mú èyí tó fi "father" àti "car" sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà: Did your father hire the car? Ìyẹn nìyẹn. Kò ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá lọ, síbẹ̀ àwọn ọmọ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì sọ ń kùnà rẹ̀ torí pé ẹnikẹ́ni ò fi bó ṣe rí hàn wọ́n.

Ní ti àyọkà, ka ìbéèrè kó o tó ka àyọkà. Ní ti ọ̀rọ̀ tó jọra àti ọ̀rọ̀ tó tako ara wọn, ka àṣẹ tó wà lókè ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, torí wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ tó jọra sínú ìdáhùn tí wọ́n ní kó o mú òdì rẹ̀.

Lítíréṣọ̀ àti Government

Àwọn ìwé Lítíréṣọ̀ máa ń yí padà, lọ wo ti ọdún tìrẹ nínú sílábọ́ọ̀sì kó o tó ra tọ́kùnbọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe ìdánwò léṣìí. Ewì ni kó o kọ́kọ́ ṣe tán, torí ó kúrú: ewì méjì lọ́sẹ̀, ìlà lórí ìlà, kó o kọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ìmọ̀lára rẹ̀, àti ọnà èdè tó wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Há àwọn orúkọ ọnà lítíréṣọ̀ sórí pẹ̀lú àpẹẹrẹ, kì í ṣe pẹ̀lú ìtumọ̀ nìkan. Ẹni tó mọ̀ pé sonnet jẹ́ ìlà 14 ò tíì mọ nǹkan, àfi tó bá lè wo bí ìparí àwọn ìlà tí wọ́n gbé kalẹ̀ ṣe ń dún jọra, abab cdcd efef gg, kó sọ pé ti Shakespeare ni, kì í ṣe ti Petrarch tó ń pín sí mẹ́jọ àti mẹ́fà.

Government ò le, ọdún ló pọ̀ níbẹ̀. Ya tébù kan fún àwọn òfin orílẹ̀-èdè, kó o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: Clifford 1922, tó mú ìbò wọlé ní Èkó àti Calabar; Richards 1946, ilé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́kùnjẹkùn; Macpherson 1951; Lyttelton 1954, tó fìdí ìjọba àpapọ̀ múlẹ̀; 1960, òmìnira; 1963, tó fi ààrẹ rọ́pò ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì, tó sì gba ẹjọ́ ìkẹyìn kúrò lọ́wọ́ Privy Council, ìgbìmọ̀ tó ń dájọ́ ní London; 1979, ètò ààrẹ aláṣẹ; 1999. Wọ́n fẹ́ràn láti gbé iṣẹ́ ọ̀kan wọ òmíràn lọ́rùn.

Ìwé àṣìṣe

Ìdáhùn inú ọ̀pọ̀ ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá ò tọ̀nà, ní pàtàkì àwọn tí wọ́n ń tẹ̀ ní kọ́rọ̀. Tí ìdáhùn wọn bá yàtọ̀ sí tìrẹ, ìwé ẹ̀kọ́ ni kó o fi ṣe adájọ́. Ní ìwé kékeré kan tó o ti pín sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí mi ò mọ̀, èyí tí mo ṣì kà, èyí tí mo sáré dáhùn. Ohun tí ẹni kọ̀ọ̀kan ń ṣàìsàn rẹ̀ yàtọ̀. Tí ọ̀nà kìíní bá kún, padà sídìí ìwé. Tí ìkejì tàbí ìkẹta bá kún, ìwé kíkà ò ní wò ó, àyàfi kó o máa dá àkókò fún ara rẹ.

Oṣù mẹ́rin ni kó o fún un. Wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ kẹjọ, gbogbo Sátidé, ṣe odidi ìdánwò wákàtí méjì lórí kọ̀ǹpútà. Má fi fóònù ṣe é: àtàǹpàkò lórí fóònù ò jọ kíbọ́ọ̀dù rárá. Tí kò bá sí kọ̀ǹpútà nílé, tàbí tí iná ò dúró, kafé wà káàkiri Mayfair àti ẹnu géètì yunifásítì. Mọ kọ́kọ́rọ́ mẹ́jọ tí wọ́n ń lò: A, B, C, D fún ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi sílẹ̀, R láti yí ohun tó o fẹ́ fi sílẹ̀ padà. Ìka tó bá fẹsẹ̀ gbá S nígbà tó ń wá D, kó yára wá R.

Ìforúkọsílẹ̀

Fi NIN rẹ ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019 láti gba profile code, nọ́ńbà tí wàá fi forúkọ sílẹ̀: kọ NIN, fi àyè sílẹ̀, kọ nọ́ńbà mọ́kànlá náà. ₦50 gbọ́dọ̀ wà lórí síìmù. Síìmù tìrẹ ni kó jẹ́, kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n tàbí ti oníkafé, torí òun náà ni wàá fi rí èsì rẹ. Tí orúkọ tàbí ọjọ́ ìbí NIN bá yàtọ̀ sí ti WAEC, tún un ṣe kó o tó forúkọ sílẹ̀. Fi Ifẹ̀ sí ipò àkọ́kọ́. Tó o bá fi sí ipò kejì, o ti fi àyè ṣòfò. Ìlú lo máa yàn, JAMB ló máa yan sẹ́ńtà, torí náà ará Iléṣà lè bá ara rẹ̀ ní ìlú tí kò rò. Lọ wo ibẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú.

Lọ́jọ́ ìdánwò, má gbé fóònù, má wọ aago. Tí ìka rẹ bá ti le nítorí iṣẹ́ oko tàbí sìmẹ́ńtì, fi òróró pa á lóru tó ṣáájú ọjọ́ ìdánwò kó o sì nù ún gbẹ, torí ẹ̀rọ tó ń yẹ ìka wò lẹ́nu ọ̀nà kì í gba ìka tí ìlà rẹ̀ kò hàn.

Tí èsì bá jáde, gbé WAEC rẹ sórí JAMB ní sẹ́ńtà wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó gba 290 ló sọnù síbí: "awaiting result" ló ṣì wà lójú ìwé wọn, kò sì sí yunifásítì tó lè gbà wọ́n bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kejì èsì náà ni kó o padà sídìí ìwé fún post-UTME, torí 40 tó wà níbẹ̀ kò sí bí JAMB ṣe lè bá ọ rà á. Tí àpapọ̀ rẹ kò bá gbé ọ dé Òfin ní Ifẹ̀, UNIOSUN, yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní ẹ̀ka Òfin ní Ìfẹ́tẹ̀dó. Wo ìgbà tí JAMB ṣí àyè fún ìyípadà ilé-ìwé, má jẹ́ kó ti kí o tó sanwó.