Ẹ Ju Pàṣán Sílẹ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ìdílé lórí Àìsàn Oorun

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Àkúrẹ́, Ìdànrè àti Oǹdó, a ò wá kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń fọ́ kòkó. Àdá tó bọ́ lọ́wọ́ ọ̀dọ́ kan nídìí kòkó, tó sì là á lẹ́sẹ̀, ló fa ìwé yìí. Ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é nílé. Pàṣán ni oògùn tí wọ́n ń fún un.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Ẹnì kan dá àpárá, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló mú kí àgbọ̀n ọmọ náà rọ̀, ọrùn rẹ̀ tẹ̀, orúnkún rẹ̀ yẹ̀, àdá já bọ́. Kò dákú o, gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ló ń gbọ́. Ọ̀lẹ wo ni ẹ̀rín ń gbé ṣubú?

Narcolepsy ni wọ́n ń pe àìsàn náà: oorun máa ń gbé ẹni tó ní in lọ́sàn-án, ẹ̀rín sì lè mú kí ara rẹ̀ rọ̀ lójijì. Inú ọpọlọ ló wà. Nǹkan bí 70,000 sẹ́ẹ̀lì ló ń ṣe èròjà hypocretin tó ń jẹ́ kí ojú wa là lọ́sàn-án. Wọ́n mọ èròjà náà ní 1998. Ní 2000, wọ́n yẹ ọpọlọ àwọn olóògbé tó ní irú àìsàn yìí wò: nǹkan bí 9 nínú 10 sẹ́ẹ̀lì náà ti lọ. Ó jọ pé agbára tí ara fi ń gbógun ti àrùn ló ṣìnà, tó kọjú ìjà sí ọpọlọ. Àbùdá kan tí à ń jogún máa ń lọ́wọ́ sí i, àrùn bí ọ̀fìnkìn líle sì lè tanná ràn án. Síbẹ̀, nínú 100 ọmọ tí òbí wọn ní in, 1 tàbí 2 ló ń mú. Láàárín ọmọ ọdún 10 sí 30 ló sábà ń bẹ̀rẹ̀.

Oorun àlá tó ń dé bá ẹlòmíì ní ìṣẹ́jú 60 sí 90 lẹ́yìn tó bá ti sùn lọ lè dé bá àwọn tó ní àìsàn yìí láàárín ìṣẹ́jú 15. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lajú tí wọn ò lè mira, tí wọ́n ń rí ẹni tó dúró tì wọ́n. Ẹ ti ní ogun òru ni. Ẹ gbàdúrà tẹ́ ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Bí ọmọ bá sùn dáadáa lóru, tí oorun ṣì ń gbé e lójoojúmọ́ fún oṣù 3, ẹ kọ àkókò tó ń sùn àti èyí tó ń jí sílẹ̀ fún ọjọ́ 14. Ẹ mú ìwé náà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ìjọba ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó, kí ẹ béèrè dókítà ọpọlọ.

Kó tó dìgbà náà: kò gbọ́dọ̀ gun ọ̀pẹ, kò gbọ́dọ̀ gun ọ̀kadà, kò gbọ́dọ̀ dá nìkan ṣọ́ iná oko. Ẹ gba àdá lọ́wọ́ rẹ̀. Kó máa fọwọ́ kó kòkó jáde nínú èèpo. Ẹ jẹ́ kó sùn fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Obì kì í wo àìsàn yìí, ẹ má sì fún un jẹ lẹ́yìn aago 2 ọ̀sán. Ẹ sọ fún olùkọ́ rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pàṣán ṣì wà nílé ìwé.